Orí Kẹfà: Lítà Ìtọ̀ Kan, Iná Wákàtí Mẹ́fà

Ní oṣù kọkànlá ọdún 2012, àwọn ọmọbìnrin mẹ́rin gbé jẹnẹrétọ̀ kan wá síbi ìpàtẹ Maker Faire Africa ní Victoria Island, l'Ékòó. Mẹ́ta nínú wọn jẹ́ ọmọ ọdún 14, ìkẹrin jẹ́ ọmọ ọdún 15. Doregos Private Academy ní Ìpájà ni ilé ìwé wọn. Jẹnẹrétọ̀ náà fúnra rẹ̀ kì í ṣe àrà. Irú rẹ̀ wà lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù káàkiri Èkó. Ohun tí wọ́n ń bù fún un mu ni àrà. Wọ́n ní ìtọ̀ ni àwọn fi ń gbé e ṣiṣẹ́, àti pé lítà ìtọ̀ kan yóò fúnni ní iná wákàtí mẹ́fà.

Ìròyìn náà ká ayé láàárín ọjọ́ mélòó kan. Apá kan ń pariwo pé ọmọ Áfíríkà ti rí iná ọ̀fẹ́. Apá kejì, tí àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì wà nínú wọn, dáhùn pé kò lè rí bẹ́ẹ̀, pé agbára tí wọ́n ń ná láti tú ìtọ̀ yẹn palẹ̀ ju èyí tí wọ́n ń rí gbà lọ. Apá kejì yìí ló jàre. Síbẹ̀, bí wọ́n ṣe yára pa ìwé dé kò tẹ́ mi lọ́rùn, torí ìṣirò inú ọ̀rọ̀ náà dùn ju ìdájọ́ lọ, kò sì kọjá ohun tí ọmọ SS2 lè jókòó ṣe.

Ohun tó gbé irú èrò bẹ́ẹ̀ wá sọ́kàn ọmọdé kò ṣòro láti mọ̀. Ọjọ́ kìn-ín-ní ọdún 2012 gan-an ni ìjọba àpapọ̀ yọ owó ìrànwọ́ orí epo. Lítà epo bẹntiróòlù tó wà ní náírà 65 fò kọjá 140. Àwọn èèyàn tú sígboro, òṣìṣẹ́ daṣẹ́ sílẹ̀, ọjà di títì, kí ìjọba tó sọ ọ́ kalẹ̀ sí náírà 97. Ọmọ tó ń gbọ́ bí bàbá àti ìyá rẹ̀ ṣe ń ṣírò owó epo lálaalẹ́ lọ́dún yẹn kò dúró de tíṣà kankan kó tó mọ ìṣòro tó yẹ kó kọjú sí.

Ìsàlẹ̀ Èkó ni kí ẹni tó bá fẹ́ mọ bí ọ̀rọ̀ jẹnẹrétọ̀ ṣe le tó lọ. Ó ní ohun tó fi dunni níbẹ̀, torí Èkó yìí ni iná mànàmáná ti kọ́kọ́ tàn ní ilẹ̀ tí a wá ń pè ní Nàìjíríà, láti òpin ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Lónìí, láti Adéníjì Adélé dé Ìdúmàgbò, láti Òkè Pópó dé Ẹbúté Èrò, ilé ń fẹ̀yìn ti ilé. Fèrèsé yàrá ẹnìkan kọjú sí ibi ìdáná ẹlòmíràn. Bí NEPA bá ti mú iná lọ lálẹ́ (orúkọ tí a ṣì ń pè é nìyẹn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Eko Electricity Distribution Company ló gba iṣẹ́ náà ní ọdún 2013), àwọn jẹnẹrétọ̀ kékeré tí à ń pè ní «I better pass my neighbour» á bẹ̀rẹ̀ sí í ké ní bákónì, ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ní abẹ́ àkàbà.

Ariwo wọn ń yọni lẹ́nu, àmọ́ èéfín wọn ló ń pani. Epo bẹntiróòlù ní kábọ́ọ̀nù nínú. Bí kò bá jó dáadáa, gáàsì kábọ́ọ̀nù mónósáìdì ló ń tú jáde. Gáàsì yìí kò ní àwọ̀, kò ní òórùn. Ó ń wọ inú ẹ̀jẹ̀, ó ń jókòó síbi tó yẹ kí ọ́síjìn jókòó sí, ó sì ń lẹ̀ mọ́ ibẹ̀ ju bí ọ́síjìn ṣe ń lẹ̀ mọ́ ọn lọ ní ìlọ́po tó lé ní 200. Ẹni tó ti sùn lọ kì í mọ̀ rárá. Bí a bá gbọ́ pé ìdílé kan sùn tí wọn kò jí, tí jẹnẹrétọ̀ sì ń ṣiṣẹ́ nítòsí yàrá wọn, gáàsì yìí ni ká kọ́kọ́ fura sí. Háídírójìn, gáàsì tí àwọn ọmọ Ìpájà yẹn ń wá nínú ìtọ̀, kò ní kábọ́ọ̀nù. Bó bá jó, omi ló ń dà. Lójú tèmi, ibi tó yẹ kí àwọn tó ń yìn wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ nìyí, kì í ṣe ibi iná ọ̀fẹ́.

Omi ló pọ̀ jù nínú ìtọ̀. Iyọ̀ wà níbẹ̀, yúríà náà sì wà níbẹ̀. Ẹ̀wà, ẹran àti ẹja tí a ń jẹ ní náítírójìn. Èyí tí ara kò bá lò nínú rẹ̀, ẹ̀dọ̀ á dì í sínú yúríà, kídìnrín á sì lé e jáde. Yúríà yìí kan náà ni àwọn àgbẹ̀ ń rà ní àpò fún oko àgbàdo. Nínú lítà ìtọ̀ kan, ó máa ń tó bíi gíráàmù 20, ó ń dín, ó ń lé, bí oúnjẹ tí èèyàn jẹ àti omi tó mu bá ṣe rí.

Báyìí ni ẹ̀rọ wọn ṣe ń ṣiṣẹ́. Wọ́n da ìtọ̀ sínú ike kan, wọ́n sì gba iná mànàmáná kọjá nínú rẹ̀ títí háídírójìn fi bẹ̀rẹ̀ sí í ru sókè. Háídírójìn yìí á gba inú asẹ́ omi kọjá kí ìdọ̀tí ara rẹ̀ lè mọ́, á wọ inú sílíńdà gáàsì, á tún gba inú bórásì olómi kọjá kí ọ̀rinrin ara rẹ̀ lè gbẹ, lẹ́yìn náà ló tó dé ẹnu jẹnẹrétọ̀. Wọ́n fi àwọn fáàfù tí kì í jẹ́ kí gáàsì padà sẹ́yìn sí ojú ọ̀nà kí iná má baà sá wọ sílíńdà. Ọmọ ọdún 14 tó ronú kan fáàfù ti mọ̀ pé ohun tí òun ń fọwọ́ kàn lè bú gbàmù.

Ọ̀nà tí wọ́n tọ̀ kì í sì í ṣe àlọ́. Ní ọdún 2009, Ọ̀jọ̀gbọ́n Gerardine Botte àti àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ní Ohio University ní Amẹ́ríkà tẹ ìwádìí jáde lórí bí a ṣe lè fi iná mànàmáná yọ háídírójìn láti inú yúríà. Láti tú omi lásán palẹ̀, ó kéré tán, a nílò fóòtì 1.23. Yúríà nílò 0.37 péré. Ìdí nìyẹn tí ìtọ̀ fi sàn ju omi lọ fún iṣẹ́ yìí, irin níkẹ́lì sì tó fún un, kò di dandan kí a wá pílátínọ́ọ̀mù olówó iyebíye lọ.

Ó wá ku ìṣirò. Wáàtì-wákàtí ni a ó fi wọn agbára: gílóòbù wáàtì 10, irú àwọn funfun tí à ń rà báyìí, ń jẹ wáàtì-wákàtí 10 láàárín wákàtí kan. Gíráàmù 20 yúríà lè fún wa ní háídírójìn gíráàmù 2. Agbára tó wà nínú gíráàmù 2 yìí, bó bá jó tán, jẹ́ nǹkan bí wáàtì-wákàtí 67. Lítà epo bẹntiróòlù kan ní tó 9,000.

Ẹ má tíì rẹ́rìn-ín. 67 yìí, bí a bá lè lo gbogbo rẹ̀ láìsí èyí tó dànù, yóò tan gílóòbù wáàtì 10 kan fún wákàtí mẹ́fà ó lé díẹ̀. Wákàtí mẹ́fà náà rèé! Ìbéèrè tó yẹ kí gbogbo ìwé ìròyìn ayé bi àwọn ọmọ náà ni pé: wákàtí mẹ́fà ti kí ni? Ti gílóòbù kan, tàbí ti ilé tó ní fíríìjì, fáànù àti tẹlifíṣọ̀n? Jẹnẹrétọ̀ kékeré tó ń pèsè wáàtì 650 á fẹ́ 3,900 láàárín wákàtí mẹ́fà, ìyẹn bí ìlọ́po 58 ohun tó wà nínú gáàsì lítà ìtọ̀ kan. Bí a bá sọ iye wákàtí láì sọ iye wáàtì, a ò tíì sọ nǹkan kan.

Kò sì sí ẹ̀rọ tí nǹkan kì í dànù nínú rẹ̀. Ẹ́ńjìnnì kékeré tó ń dáná sun gáàsì kì í rí ju bí ìdá kan nínú márùn-ún agbára rẹ̀ sọ di iná mànàmáná. Ìyókù ń bá ooru lọ, bí ẹnikẹ́ni tí sàléńsà jẹnẹrétọ̀ ti jó lẹ́sẹ̀ rí ṣe mọ̀. 67 di 13. Ẹ sì rántí pé iná la fi tú ìtọ̀ náà palẹ̀. Bí ohun gbogbo bá lọ bí ìwé ṣe wí, ní fóòtì 0.37, a ti ná wáàtì-wákàtí 20. Bí fóòtì bá gun 1.4, tí kì í ṣe ohun àjèjì nínú yàrá ìwádìí, ohun tí a ná di 75. Oníṣòwò Ìdúmọ̀tà tó ra ọjà ní náírà 20, tó tà á ní 13, kò nílò ìwé físíìsì kó tó mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ń lọ.

Ibi tí àwọn alátakò dúró sí nìyẹn. Èmi fẹ́ ká rìn díẹ̀ sí i. Ẹ yọ ẹ́ńjìnnì yẹn kúrò, kí ẹ fi sẹ́ẹ̀lì háídírójìn rọ́pò rẹ̀. Ẹ̀rọ yìí kì í dá iná sun gáàsì. Ó ń pa háídírójìn pọ̀ mọ́ ọ́síjìn wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, ó ń yọ iná mànàmáná àti omi, ó sì lè sọ bí ìdajì agbára gáàsì náà di iná. Ìdajì 67 lé ní 33. Bí a bá yọ 20 tí a ná kúrò, 13 ṣẹ́ kù sí wa lọ́wọ́. Ìtọ̀ kan náà, yúríà kan náà. Ẹ̀rọ ìkẹyìn nìkan ni a pààrọ̀, àdánù sì di èrè. Ẹni tó bá bèèrè ibi tí èrè náà ti wá, kó bi ẹ̀wà àti ẹja tí a jẹ: agbára tó ṣẹ́ kù nínú yúríà, tí ara lé dànù, ni. A kò dá agbára kankan sílẹ̀ láti inú òfìfo.

Èrè tín-ín-rín ni, mo gbà. Orí fóòtì 0.37 ló dúró lé, kò sì tíì sí ẹ̀rọ tó ń fi fóòtì tó kéré tó bẹ́ẹ̀ ṣiṣẹ́ náà. Ṣùgbọ́n wàhálà yìí yàtọ̀ sí «kò ṣeé ṣe láé». Yàrá ìwádìí ni a ti ń yanjú irú èyí.

Àwọn kan ti gba ọ̀nà mìíràn yanjú rẹ̀ lápá kan. Ní Bristol, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Ọ̀jọ̀gbọ́n Ioannis Ieropoulos àti ẹgbẹ́ rẹ̀ kò fi iná tú ìtọ̀ palẹ̀ rárá. Wọ́n fi bakitéríà sínú àwọn ike kéékèèké. Bakitéríà wọ̀nyí ń jẹ ohun tó wà nínú ìtọ̀, bí wọ́n ṣe ń jẹun ni wọ́n ń tú iná mànàmáná díẹ̀díẹ̀ sílẹ̀. Ní 2013 wọ́n fi í ṣáàjì fóònù. Ní 2015 wọ́n gbé ilé ìtọ̀ tó ń tan iná fúnra rẹ̀ lọ síbi àjọ̀dún orin Glastonbury, níbi tí ìtọ̀ kò ti lè wọ́n wọn láé. Ní 2017 wọ́n kọ́ irú rẹ̀ sí ilé ìwé àwọn ọmọbìnrin kan ní Kisoro, ní Uganda, kí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ má baà ṣókùnkùn lóru. Ọdún márùn-ún péré lẹ́yìn ìpàtẹ Èkó nìyẹn, àwọn akẹ́kọ̀ọ́bìnrin sì ni wọ́n ṣe é fún.

Kí wá ni àwọn ọmọ Ìpájà ṣe tí kò tọ́? Èrò tèmi ni pé ìpàtẹ àti ìdíje tiwa ló fún wọn ní fọ́ọ̀mù tí kò bá èrò wọn mu. A máa ń fẹ́ kí ẹ̀rọ kùn níwájú adájọ́. Ẹni tó bá ti ṣe ẹgbẹ́ sáyẹ́ǹsì tí wọ́n ń pè ní JETS rí nílé ìwé mọ bátìrì tí wọ́n ń fi pamọ́ sábẹ́ páálí. Ọmọ tó ní èrò ogún ọdún lọ́jọ́ iwájú, tí a sì ní kó fi í hàn lónìí, kò ní ju ohun méjì lọ tó lè ṣe: yálà kó gé èrò rẹ̀ kúrú tàbí kó fi ẹnu kún un.

Ìdíje kan wà ní Amẹ́ríkà àti Kánádà tó gbé e gba ibòmíràn. ExploraVision ni orúkọ rẹ̀. Ilé iṣẹ́ Toshiba àti ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ sáyẹ́ǹsì Amẹ́ríkà ló dá a sílẹ̀ ní 1992. Wọn kì í ní kí ọmọ gbé ẹ̀rọ tó ń ṣiṣẹ́ wá. Wọ́n ní kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ díẹ̀ kóra jọ, kí wọ́n mú ohun kan tó wà lónìí, kí wọ́n wádìí bó ṣe ń ṣiṣẹ́ àti ìtàn bó ṣe dé, kí wọ́n tó wá sọ ohun tó lè dà lọ́jọ́ iwájú. Ọmọ kíláàsì kìíní pàápàá lè wọ̀ ọ́. Apá méjì nínú ìwé tí wọ́n ń kọ ni mo fẹ́ràn jù. Nínú èkíní, ọmọ náà gbọ́dọ̀ kọ ohun tí ẹnikẹ́ni kò tíì mọ̀ ọ́n ṣe, tí ẹ̀rọ rẹ̀ kò sì lè dìde láìsí i. Nínú èkejì, ó gbọ́dọ̀ sọ ohun tí ẹ̀rọ náà yóò dá sílẹ̀ láwùjọ, ire àti ibi. Bí fọ́ọ̀mù yìí bá wà níwájú àwọn ọmọbìnrin mẹ́rin wa, fóòtì 0.37 ni wọn ì bá kọ sí apá kìíní, kò sì ní sí ohun tí ẹnikẹ́ni yóò fi bú wọn.

Apá kejì yẹn, ti ire àti ibi, ni Ìsàlẹ̀ Èkó lè fi kọ́ gbogbo ayé lẹ́kọ̀ọ́. Ní 1908, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì gbé ètò omi ẹ̀rọ kalẹ̀ fún Èkó: omi yóò wá láti Ìjù, ará ìlú yóò sì máa san owó rẹ̀. Lójú oníṣègùn àti ẹnjiníà, kò sí ohun tó dára tó o, torí kànga erékùṣù wà nítòsí ìdọ̀tí àti omi iyọ̀. Ṣùgbọ́n àwọn ará Èkó ní àwọn ní kànga àwọn, pé àwọn òyìnbó ni yóò jẹ àǹfààní ètò náà jù, pé kò sẹ́ni tó bi àwọn kí wọ́n tó dárúkọ owó. Dókítà John Randle àti Dókítà Orisadipe Obasa dá ẹgbẹ́ People's Union sílẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ yìí. Nígbà tó di 1916 tí wọ́n fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í gba owó omi, ìjà náà tún rú, Ọba Èṣùgbàyí Elékòó tó wà ní Iga Ìdúngànràn kò sì bọ́ nínú rẹ̀. Ọmọ tó bá ń ya àwòrán ẹ̀rọ ọdún 2045 ní kíláàsì kan ní Òkè Pópó ń jókòó sórí ilẹ̀ tí wọ́n ti kọ omi tó mọ́ nítorí bí a ṣe gbé e wá.

Bí a bá fún kíláàsì yẹn ní apá méjèèjì fọ́ọ̀mù yìí, kí ni wọ́n lè kọ? Mo gbìyànjú rẹ̀ fúnra mi. Ẹ jẹ́ ká mú ilé alájà mẹ́ta kan tí ogójì èèyàn ń gbé. Ẹnìkan máa ń tọ̀ bíi lítà 1.4 lóòjọ́, ilé náà yóò ní lítà 56. Lórí lítà kọ̀ọ̀kan, sẹ́ẹ̀lì háídírójìn fi wáàtì-wákàtí 13 sílẹ̀ fún wa. Gbogbo rẹ̀ lé díẹ̀ ní 700. Kò lè gbé fíríìjì, fáànù àti tẹlifíṣọ̀n pa pọ̀ dé ilẹ̀ mọ́, ká má tiẹ̀ dárúkọ ẹ̀rọ amúlétutù. Àmọ́ yóò tan gílóòbù wáàtì 10 mẹ́wàá fún wákàtí méje: ọ̀dẹ̀dẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, àkàbà, ẹnu géètì, ilé ìgbọ̀nsẹ̀, ẹ̀yìnkùlé, láti aago mọ́kànlá alẹ́ títí di mẹ́fà àárọ̀, láìsí èéfín lábẹ́ fèrèsé ẹnikẹ́ni. Èyí tí àwọn ọmọ ń bẹ̀rù láti sọ̀ kalẹ̀ lọ tọ̀ lóru, òun náà ni yóò máa tan iná fún wọn.

Ojú ewé ohun tí a kò tíì mọ̀ ọ́n ṣe yóò kún. Níkẹ́lì tí kò ní dọ̀tí lẹ́yìn oṣù kan nínú ìtọ̀ gidi. Bí a ó ṣe pa fóòtì mọ́ sísàlẹ̀, torí bó bá ga jù, iyọ̀ inú ìtọ̀ yóò bẹ̀rẹ̀ sí í tú gáàsì kóloríìnì, tí òórùn rẹ̀ dà bí ti jíìkì, sínú ilé. Ibi tí a ó gbé sílíńdà sí náà jẹ́ ìṣòro: háídírójìn lè gbiná bó bá ti dé ìdá 4 nínú 100 afẹ́fẹ́ yàrá, títí dé 75, ọwọ́ iná rẹ̀ kì í sì í fẹ́rẹ̀ẹ́ hàn lójú ọ̀sán. Abẹ́ àkàbà kò ní ṣeé gbé e sí, òrùlé ni.

Ojú ewé ti ire àti ibi ló máa gùn jù. Ta ni yóò máa gbé ike ìtọ̀ gun òkè? Kí ni a ó ṣe fún ìyá arúgbó tó ní ìtọ̀ òun kò gbọ́dọ̀ bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn, torí ohun tí àwọn aráyé lè fi í ṣe? Kí la ó ṣe fún ayálégbé tó ń tọ̀ síbi iṣẹ́ látàárọ̀, tó wá ń sùn lábẹ́ iná àwọn tó kù? Lópin oṣù, nígbà tí onílé bá fi owó iná ọ̀dẹ̀dẹ̀ kún owó ilé, ta ló ni iná yẹn: onílé tó ni ilé ìgbọ̀nsẹ̀, àbí àwọn ayálégbé tó ni ìtọ̀?